Ìdánwò Ìlú Méjì

Tí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní ìlú ìsàlẹ̀, kò le rárá. Ẹ kàn lọ dúró síbi tí èrò ti ń wọ bọ́ọ̀sì, kí ẹ sọ ọ́ sókè pé afẹ́fẹ́ ìlú òkè dára. Kí ẹ tó wí kí ẹ tó fọ̀, wọ́n á ti pé lé yín lórí. Ẹnì kan á ní afẹ́fẹ́ náà ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún, torí pé kò sóhun mìíràn tí wọ́n ní. Ẹlòmíràn á ní àwọn ọmọ tí yunifásítì ìsàlẹ̀ bá kọ̀ ni tòkè ń gbà wọlé. Tí ẹ bá sì gòkè lọ, ẹ ó gbọ́ pé ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn ló pọ̀ ju ìwé lọ nísàlẹ̀. Odò ńlá kan ló la àárín àwọn ìlú méjèèjì. Téèyàn bá dúró létí odò náà, á máa rí ilé àwọn ará òkè ketekete, ṣùgbọ́n afárá jìnnà, bọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ yí odò po kó tó débẹ̀. Wákàtí méjì àbọ̀ gbáko ni.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n bí Adìwé sí. Kì í ṣe orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló di orúkọ. Ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé ìkàwé yunifásítì, òun ló ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gboyè di ìwé ìwádìí wọn: ó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán an, ó ń fi páálí àti aṣọ dúdú bò ó lẹ́yìn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó sì ti sọ fún gbogbo ayé pé Adìwé lòun máa gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà lé lọ́wọ́.

Bàbá Adìwé ńkọ́? Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe alábòójútó gbọ̀ngàn ìdánwò ní yunifásítì yẹn. Òun ló ń to àga, òun ló ń wọn àyè tó wà láàárín àga kan sí èkejì, òun ló sì ń rìn kiri láàárín wọn pẹ̀lú bàtà tí kì í dún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń sọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni, "Má wẹ̀gbẹ́." Ìyẹn làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ ní Bàbá Má-wẹ̀gbẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ṣé iṣẹ́ ń kúrò lára èèyàn bọ̀rọ̀? Tí Adìwé bá ń bá Àǹtí rẹ̀ tó wá kí wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí oúnjẹ, bàbá á dìde, á gbé àga ọ̀kan nínú wọn jìnnà díẹ̀, á sì padà jókòó láìsọ nǹkan kan. Ìyá Adìwé ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé létí odò, bàbá àti ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé nǹkan tó fi ọ̀rá méjì wé sí àyà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó gbé ẹrù òfin.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé ẹ lè bá mi di èyí, kí ẹ má sì bi mí níbi tó ti wá?"

Adìwé tú ọ̀rá náà. Àmì yunifásítì òkè wà níwájú ìwé náà gàdàgbà.

"Ìwé yín ti sọ níbi tó ti wá kí n tó béèrè," ló wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé òun lòun ń tún maikirosikóòpù ṣe lókè, àwọn awò tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán ò lè rí, àti pé ìwé tí òun ń kọ àìsàn awò kọ̀ọ̀kan sí ló ti tú pátápátá yìí.

"Ẹ̀yin lẹ lẹ́rọ tó ń dì í ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ò sì jẹ́ ká sinmi lẹ́nu yín," ni Adìwé wí.

"Òótọ́ ni. Ó ń dì í ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì ń tú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnì kankan pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ."

Ó yẹ kó fi ìwé sílẹ̀ kó máa lọ. Kò lọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Kí ló dé tí wọ́n ń fi àbẹ́là pa òwú kí wọ́n tó gán an? Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ ń wọ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta? Ta ló kọ́kọ́ ronú pé kí ẹ̀yìn ìwé rí roboto kó má rí pẹrẹsẹ? Ọdún mọ́kànlá ni Adìwé ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí ohunkóhun rí. Wọn a máa béèrè ọjọ́ tó máa yá, kò ju ìyẹn lọ. Ó ń dá ọkùnrin náà lóhùn, ó sì ń ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun mọ nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò fi dá, ó ti sọ ọkùnrin náà ní Oníbéèrè nínú ọkàn rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ń pè é bẹ́ẹ̀ sójú.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ìwé mìíràn. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó gbé ìwé tí kò bàjẹ́ rárá wá. Nígbà tó di pé ó gbé kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá wá pé kó bá òun dì í, Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwé ni ọkùnrin yìí fẹ́ kó o bá òun dì ni?"

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn kàlẹ́ńdà yẹn, Oníbéèrè jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò béèrè nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rù ba Adìwé.

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá. Ìbéèrè kan ló ṣẹ́kù tí mi ò tíì bi ọ́, ó wá ń há mi lọ́fun." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Adìwé kò ṣe ojú ayé. Ó ní òun á fẹ́ ẹ, inú òun sì dùn, òun ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà lòun náà wá béèrè tirẹ̀.

"Níbo la máa gbé?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń fẹ́ra, ọ̀rọ̀ yìí ò wá sí wọn lẹ́nu rí. Iṣẹ́ Oníbéèrè wà lókè, ṣọ́ọ̀bù Adìwé wà nísàlẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lókè, bàbá Adìwé wà nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè máa jókòó sínú bọ́ọ̀sì fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́ kó tún ráyè pè é ní ìgbéyàwó.

Àǹtí ni wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti bá bàbá sọ ọ́. Àbúrò bàbá ni Àǹtí, aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní pálọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Adìwé dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ ọmọ wa. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó níwà, kò mutí."

"Èyí dára. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ìyá kan báyìí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mí kanlẹ̀ ná. Ará òkè ni."

Bàbá kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní òun ò lè tọ́ ọmọ tán kóun wá gbé e fún àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wo àwọn nílẹ̀ láti orí òkè. Àǹtí ní kí ló wá burú gan-an níbẹ̀? Bàbá kà á: omi wọn ń dá, àtẹ̀gùn wọn ń pa orúnkún, èèyàn wọn ò ń kí ara wọn, ìwé wọn ń tú. Àǹtí ní ọkọ ìyàwó náà lè máa sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìsàlẹ̀. Bàbá dìde, ó tún àga rẹ̀ tò. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn gbọ̀ngàn ló fi sọ ọ́.

"Kò burú. Wọn ò ní sọ pé mo fi ìbínú dájọ́. Wọ́n á ṣèdánwò."

Bó ṣe là á sílẹ̀ nìyí. Oṣù mẹ́ta gbáko, Adìwé á lọ gbé lókè lọ́dọ̀ ìyá Oníbéèrè. Oníbéèrè á gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, á wá gbé nísàlẹ̀, nínú ilé bàbá fúnra rẹ̀, níbi tí ojú bàbá ti tó o. Kálukú á máa kọ ohun tó bá rí nípa ìlú náà sínú ìwé àjákọ, rere àti búburú. Wọn ò gbọdọ̀ lọ wo ara wọn, wọn ò gbọdọ̀ pe ara wọn lórí fóònù, torí jíjí ìwé ara ẹni wò nìyẹn. Lópin rẹ̀, bàbá á ka ìwé méjèèjì. Tí àwọn méjèèjì bá mú ìlú kan náà, á fọwọ́ sí i. Tí wọn ò bá mú ìlú kan náà, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá náà ní òun á dúró de oṣù mẹ́ta, òun ò ní lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ kóun tó mọ ẹni tó máa gba kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àǹtí wí, "ìyàwó á lọ síbi tí ọkọ ò sí, ọkọ á wá síbi tí ìyàwó ò sí. Kí ni wọ́n wá fẹ́ yẹ̀ wò níbẹ̀?"

"Èèyàn méjì kì í jókòó papọ̀ nínú gbọ̀ngàn mi."

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì gbà. Ẹni tó ń wọn páálí pẹ̀lú rúlà láti àárọ̀ dalẹ́, àti ẹni tó ń fi awò wo eruku, lójú tiwọn, ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà yan ibùgbé nìyẹn.

Adìwé gbé ìwé àjákọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì, ó gòkè lọ láti lọ ṣàkíyèsí àléébù. Ojú ewé àkọ́kọ́ kún lọ́jọ́ tó débẹ̀. *Àtẹ̀gùn láti ibùdókọ̀ dé ilé: mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. Omi ẹ̀rọ ń dá lọ́sàn-án. Búrẹ́dì wọn le.* Ìyá Oníbéèrè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní yàrá ọmọ rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni ìyá náà, àwọn aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ ní láàbù yunifásítì ló ń fọ̀. Ó lè fi àbàwọ́n ara aṣọ sọ ẹni tó ni ín àti iṣẹ́ tó ń ṣe. "Èyí, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ewéko ni. Wo apá ẹ̀, kì í ká a sókè." Adìwé béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń yọ tádàwà. Ìyá sọ fún un. Ó tún béèrè òmíràn. Ó wá yé e ibi tí Oníbéèrè ti kọ́ láti máa béèrè.

Lọ́sẹ̀ kejì, àléébù bẹ̀rẹ̀ sí í nira láti rí. Bọ́ọ̀sì wọn kì í pẹ́. Àwọn òpópónà tútù, igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Olùtajà ìwé tó wà ní ìkóríta gbà á láyè láti jókòó tún àwọn ògbólógbòó ìwé rẹ̀ gán, nígbà tó sì di oṣù kejì, àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ń gbé ìwé wọn tó tú wá bá a, kálukú ń wo ọ̀tún wo òsì bí Oníbéèrè ti ṣe. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ọmọ Bàbá Má-wẹ̀gbẹ́. Nísàlẹ̀, tó bá kọjá, àwọn èèyàn a máa na àga wọn gún régé, wọ́n á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Lókè, wọ́n ń bi í pé, "Ta lẹ̀yin?" Ó sì ń gbádùn kó máa rò ó kó tó dáhùn.

Ó ń gbádùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rí ọkàn fi ń dà á láàmú. Ṣé Oníbéèrè ni mo fẹ́ ni, ló ń bi ara rẹ̀, àbí ìlú Oníbéèrè? Tó bá jẹ́ pé ìlú ni, ṣé kì í ṣe ìwà ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn sí bàbá mi, àti sí Ọ̀gá?

Ìyá rí i. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń sá aṣọ, ó ní, "Ọmọ mi, kí lò ń wò lẹ́yìnkùlé mi nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́?"

Ojú ti Adìwé. Lẹ́yìn ilé náà, pèpéle kan wà tó kọjú sí odò. Láti ibẹ̀, gbogbo ìsàlẹ̀ ló hàn: aago ilé ìkàwé, òrùlé gbọ̀ngàn ìdánwò, ọ̀nà tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àti ní eteetí omi, ilé kékeré kan tó dá dúró. Ní aago méje, iná á tàn níwájú ilé kékeré yẹn.

"Ilé wa ni," ló wí. "Mi ò mọ̀dí tí mo fi ń wò ó. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, mi ò wò ó báyìí rí."

Ìyá na aṣọ kan dáadáa sórí okùn, kò sì béèrè ohun mìíràn.

Lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, Adìwé jókòó sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìwé àjákọ lórí itan. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn wà níbẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kọ sí i: *Òkè ni mo fẹ́ máa gbé.* Ẹni tó mọ ìwé dì mọ ìwé tú. Ó mọ ibi tó máa gé òwú náà sí, tí ojú ewé yẹn á jáde láìsí àpá, tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Á kọ òmíràn. Inú bàbá á dùn, òun á gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, tí Oníbéèrè náà bá sì mú ìsàlẹ̀, òun á fẹ́ ẹ. Ó mú ọ̀bẹ kékeré jáde nínú báàgì lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó ro ti ọkùnrin tó jẹ́ pé òótọ́ ló ń béèrè lójoojúmọ́, ó ro bí òun ṣe máa máa wo ojú rẹ̀ fún gbogbo ọdún tó kù láyé pẹ̀lú ojú ewé kan tó sọnù láàárín wọn. Ó dá ọ̀bẹ padà.

Pálọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá jókòó nídìí tábìlì, Àǹtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn méjèèjì tó ṣèdánwò sì wà lórí àga tó jìnnà síra. Oníbéèrè ti dúdú díẹ̀ sí i, oòrùn etí odò ti kàn án lára. Adìwé ò lè wò ó pẹ́, torí inú rẹ̀ dùn láti rí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ṣe é bí ẹni máa pariwo.

Bàbá kọ́kọ́ ka ti Oníbéèrè sókè. *Ẹ̀fọn: ó pọ̀ gan-an. Ẹrẹ̀: ó wà. Tí mo bá bi ará òkè ní ọ̀nà, á nàka sí i. Tí mo bá bi ará ìsàlẹ̀, á mú mi dé ilé ẹni tó kọ́ ọ̀nà náà. Bàbá ti fi bí wọ́n ṣe ń to àga hàn mí. Wọ́n mọ ìdí ohun gbogbo, kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí ni. Ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ máa gbé.*

Bàbá wúkọ́. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó fi ọwọ́ kan èjìká Oníbéèrè, ohun tí kò ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan rí, ó sì ṣí ti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ẹ̀rín náà ń rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Nígbà tó dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, kò kà á sókè. Ó gbé e síwájú Àǹtí.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?" ló bi Adìwé, jẹ́jẹ́.

"Bàbá mi, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo rí ni mo kọ."

"Wọn ò mú ìlú kan náà," ni bàbá wí sí afẹ́fẹ́. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Níta, lábẹ́ òrùlé iwájú ilé, Oníbéèrè àti Adìwé dúró, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

"O lè ti kọ ìsàlẹ̀," ni Oníbéèrè wí. "Bàbá rẹ á ti gbà."

"Ìwọ náà lè ti kọ òkè. Èmi àti ìwọ ìbá ti mú ìlú kan náà." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí pé ìlú rẹ ni mo fẹ́ràn, kì í ṣe ìwọ."

"Èmi ńkọ́? Mo ti bi ara mi lọ́pọ̀ ìgbà bóyá bàbá rẹ ni mo fẹ́ fẹ́."

Adìwé rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Oníbéèrè di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Gbọ́ ná. Lójoojúmọ́ tí mo wà níbí, tí wọ́n bá sọ nǹkan tó dùn fún mi, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń rò ni pé màá sọ fún ọ. Mo wá ń rántí pé o ò sí níbí. Ìwọ ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ni Adìwé wí. "Gbogbo àtẹ̀gùn yẹn, ìwọ ni mò ń kà á fún."

Nínú ilé, Àǹtí ti wọlé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ ń jáde lójú fèrèsé, kò tiẹ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Òkè tí ẹ ti ń bú láti ogójì ọdún yìí, ìgbà wo lẹ débẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Wọ́n gbọ́ tí àga ń dún nínú yàrá.

"Mò ń rí i lójoojúmọ́," ni bàbá dáhùn.

"Mi ò ní rírí. Mo ní dídé."

Kò dé ibẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà hàn sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: bàbá ò tẹ ìlú òkè rí láyé rẹ̀. Àwọn àtẹ̀gùn tó ń pa orúnkún, omi tó ń dá, àgbọ́sọ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wo ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún lé ọmọ jáde nínú gbọ̀ngàn torí pé ọmọ ọ̀hún kọ ohun tí kò kọ́. Ojú tì í. Nígbà tó jáde wá lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, kò wo ojú ẹnì kankan. Ó ní kí wọ́n wádìí aago tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ń gbéra ní ọjọ́ Sátidé.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ. Bàbá wọ kóòtù tó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà kan, ó ti bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé kó bá òun tan iná iwájú ilé nírọ̀lẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń kùn fún wákàtí kan, nígbà tó sì di wákàtí kejì, ó ti ń bi awakọ̀ ní ìdí tí ọ̀nà náà fi wọ́. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gọ́fà, ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyá Oníbéèrè fún un ní omi tútù, kò sọ ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn kankan, ó kàn wo apá kóòtù rẹ̀ ó ní, "Àbàwọ́n ṣọ́ọ̀kì pátákó nìyí. Ti ọdún pípẹ́." Bàbá wo apá rẹ̀, ẹnu yà á, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Nírọ̀lẹ́, Adìwé mú un lọ sí orí pèpéle. Òun àti Oníbéèrè dúró sẹ́yìn díẹ̀, ọwọ́ wọn kan ara wọn. Bàbá di irin mú, ó wo ìsàlẹ̀.

"Gbọ̀ngàn mi nìyẹn? Kò tóbi ju báyìí lọ?"

"Òun ni, bàbá mi."

"Ilé wo wá nìyẹn, èyí tó dá wà létí omi?"

Oníbéèrè ló dáhùn. "Ilé yín ni, sà. Yàrá tẹ́ ẹ fún mi ló wà lápá ọ̀tún."

Ogójì ọdún ló ti ń gbé inú ilé yẹn, kò rí i rí. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo ilé àjèjì. Bí aago méje ti lù, iná tàn níwájú ilé náà, kékeré, pupa rúsúrúsú. Bàbá sún mọ́ irin náà.

"Ṣé bó ṣe ń rí látibí nìyí?"

"Lójoojúmọ́," ni Adìwé wí. "Tó bá ti tàn, mo mọ̀ pé ara yín le. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí mo jẹun kí n tó rí i."

Bàbá kò mójú kúrò lára iná náà. "Mo rò pé o fẹ́ sá fún mi ni."

"Rárá, bàbá mi."

"Nígbà tó o wà nílé pẹ̀lú mi, ìgbà mélòó lo wo iná yẹn?"

Kò lè purọ́. "Mi ò wò ó rí."

Ó nawọ́ sẹ́yìn láìyíjú, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, lẹ́yìn náà ó fa Oníbéèrè náà mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó kó wọn jọ sójú kan. "Ẹ máa gbé òkè," ló wí. "Màá máa tàn án fún yín."

Oníbéèrè ò jiyàn. Ó ní òun á máa sọ̀kalẹ̀ wá lọ́sẹ̀ méjì méjì, torí ìbéèrè òun ò tíì tán lọ́dọ̀ bàbá. Ọ̀gá gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn. Adìwé sunkún lé e lórí, ó sunkún gan-an, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má sun ún.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ ilé tiwọn lókè, Adìwé ń tú ẹrù lọ́wọ́, ilẹ̀ ò tíì ṣú, nígbà tí ọkọ rẹ̀ pè é láti ojú fèrèsé.

"Wá wò ó. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí aago bàbá rẹ?"

Adìwé wá. Iná ti tàn létí omi lọ́hùn-ún, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tí kò tíì lọ tán, kò fẹ́ẹ̀ hàn. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n ọdún nínú gbọ̀ngàn, bàbá rẹ̀ ò jẹ́ kí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àsìkò rẹ̀ rí, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan péré.

"Kò sóhun tó ṣe aago wọn," ló wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Wọn ò lè dúró mọ́ ni."